Ẹ bá wọn ṣọdún ní Tamale, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú ìwé yín

Ìgbà òjò kan ṣoṣo ni Tamale ní lọ́dún. Lálẹ́ ọdún Bugum, ògùṣọ̀ koríko á gba ìgboro. Bó bá di Damba, onílù Dagomba á gbé ìlù tó jọ gángan wa síta.

Àwọn oníṣòwò Yorùbá ti bá wọn ṣe é rí. Àmọ́ ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ fi ilé àti ọjà sílẹ̀.

Lónìí, ECOWAS fún wa ní ọjọ́ 90 láì gba físà. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kó lọ gbàwé. Aládùúgbò rere kò lè dípò ìwé ìjọba.