Ìfági Ló Jẹ̀bi, Kì í Ṣe Òṣìṣẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)



Ẹ rántí ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ọ̀gá fẹ́ gé owó oṣù rẹ̀ nítorí pátákó ìrókò mẹ́ta tó ya lójú. Ọ̀gá ní àìbìkítà ni. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìfági rẹ̀ wá ká wò ó.

Ìfági onígi ni, ilé iṣẹ́ ló fún un. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ò fọwọ́ kàn án rí, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Nínú ihò rẹ̀ ni a gé ibi tí abẹ ń fẹ̀yìn tì. Bí ibẹ̀ bá ṣe dagun sí ni abẹ ṣe ń kọjú sí igi. 45 dìgírì ló wọ́pọ̀, ó sì dára fún igi rírọ̀ tí fọ́nrán rẹ̀ gún. Ṣùgbọ́n fọ́nrán ìrókò àti ọ̀gànwó a lọ síhìn-ín, a tún yí padà sọ́hùn-ún. Abẹ tó sùn ní 45 a ki ẹnu bọ abẹ́ fọ́nrán náà, a gbé e sókè, a fà á ya kó tó gé e. Bó bá nàró sí 50 tàbí 55, ó ń ha igi ni, yíya á dín kù. Àmọ́ ó wúwo í tì. Èjìká mi mọ̀ ọ́n!

Àwọn kan rò pé bí a bá yí igun tí a fi ń pọ́n abẹ padà, ó tán. Rárá. Ojú tí a ń pọ́n kọ sísàlẹ̀. Ibi tí abẹ sùn sí ló ń pinnu. Ojú kejì tó kọ sókè ni mo pọ́n díẹ̀, 10 dìgírì péré. 10 lé 45, ó di 55. Lójú ọ̀gá ni ọmọ náà fi fá pátákó kan nínú mẹ́ta yẹn. Ó dán.

Wọn ò gé owó rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n a kọ̀wé béèrè ìfági méjì tí a gé ní 55 láti ìpilẹ̀, wọn ò tíì fèsì. Mo ń gbé ọ̀rọ̀ náà padà lọ bá wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tí pátákó bá ti ya mọ́ lọ́wọ́, kó mú un dání wá.