Àṣàrò ní Ìdánìkanwà àti Láàrin Àwùjọ

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ìparí oṣù)

 



Nígbà tí àwọn tí ó ṣètò ìpàdé yìí wá bá mi, wọn kò ní kí n wá ṣe wáàsí. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí lórí àṣàrò, yálà nígbà tí mo dá a ṣe tàbí nígbà tí mo bá àwọn ẹlòmíràn ṣe é. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀, nítorí pé àárín ẹrú àti Olúwa rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà, kò sì yẹ kí ènìyàn fi í ṣe àṣehàn. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé àṣìṣe mi lè wúlò fún yín, nítorí náà ni mo ṣe gbà.

KÍ NI ÀṢÀRÒ?

Àṣàrò ni kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, kí ó kó ọkàn rẹ̀ jọ sí ojú kan, kí ó sì ro ohun tí ó tọ́ láti rò. Àwọn onímọ̀ wa pè é ní tafakkur. Síkìrì, èyí tí í ṣe ìrántí Ọlọ́hun, ni ẹnìkejì rẹ̀. Nínú Súrà Āl ʿImrān, āyà 190 àti 191, Ọlọ́hun yin àwọn onílàákàyè tí ìdúró, ìjókòó àti ìdùbúlẹ̀ kò dí lọ́wọ́ láti rántí Rẹ̀, tí wọ́n sì ń wo iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀ pẹ̀lú àròjinlẹ̀.

Kì í ṣe ohun àjèjì tí a yá lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Kí ìmísí tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 610, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) a máa gbé oúnjẹ dání lọ sí ihò Hirā, lórí Òkè Nūr lẹ́bàá Mẹ́kà, a sì máa dá wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ òru. Nígbà tí ó yá, inú mọ́sáláṣí ni ó ti ń ṣe Itikafi ní ọjọ́ mẹ́wàá ìparí Rọ̀mọ̀dáànù. Ìmámù al-Ghazālī, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ ńlá ní ilé-ẹ̀kọ́ Nizāmiyya ní Bagidádì, fi ipò náà sílẹ̀ ní ọdún 1095 nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Nínú Ihyāʾ ʿUlūm al-Dīn tí ó kọ, èyí tí ó pín sí ìwé ogójì, ìwé kan dá lórí tafakkur. Èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ gan-an sì dá lórí bí ènìyàn ṣe ń ṣọ́ ọkàn rẹ̀, tí ó sì ń bá ara rẹ̀ ṣírò. Ẹ fi bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn yìí sọ́kàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

NÍGBÀ TÍ MO DÁ A ṢE

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, òwò aṣọ tí mo ń ṣe dẹnu kọlẹ̀. Gbèsè wọ̀ mí lọ́rùn, oorun sì dá lójú mi. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn wa, àyà mi a já. Bàbá àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa ni ó sọ fún mi pé nígbà tí oorun kò kúkú wá, kí n yé yí kiri lórí ibùsùn. Kí n dìde ní wákàtí kan kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, kí n ṣe àluwàlá, kí n kí rákáà méjì, kí n sì jókòó.

Mo jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò jókòó. Kí n tó wí "Subhānallāh" ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, owó tí mo jẹ yóò ti dé. Ọkàn mi dà bí ọjà Gbági nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la. Mo padà tọ bàbá náà lọ, mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní: "Ẹni tí ó ń da ewúrẹ́ kì í bínú pé ewúrẹ́ yà sínú oko; ó kàn ń dá a padà ni. Má bá èrò náà jà, má sì tẹ̀lé e. Dá ọkàn rẹ padà sórí orúkọ Ọlọ́hun." Ó ní kí n má kánjú ka iye, kí n máa dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan títí ìtumọ̀ rẹ̀ yóò fi wọ̀ mí lára.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí ara mi tó mọ́ ọn. Gbèsè náà kò lọ, ṣùgbọ́n àyà mi kò já mọ́ nígbà tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn. Mo lè mú bírò, kí n kọ iye tí mo jẹ sílẹ̀, kí n sì lọ bẹ àwọn olówó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníṣègùn náà ti wádìí irú èyí. Ní ọdún 1975, Herbert Benson, oníṣègùn ọkàn ní Harvard ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, tí ó ń tún ọ̀rọ̀ kan tàbí àdúà kan wí, tí kò sì bá èrò tí ó bá yọjú jà, mímí rẹ̀ a máa rọlẹ̀, lílù ọkàn rẹ̀ náà a sì dínkù. Bàbá mi yìí kò ka ìwé Benson.

Ṣùgbọ́n ìdánìkanwà ní àrùn tirẹ̀. Láìpẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú tín-ín-rín wo àwọn ará ilé mi tí wọ́n ń sùn. Mo rò pé mo ti débì kan. Kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún mi pé n kò tíì kúrò lójú kan.

LÁÀRIN ÀWÙJỌ

Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí Àṣàlátù ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ mí, ohùn àwọn ẹlòmíràn ni ó ń gbé mi. Bíríkìlà, ìyá oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wa ni a jọ ń sọ gbólóhùn kan náà, ìgbéraga mi sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ́.

Àwùjọ náà ní àrùn tirẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé makirofóònù fún mi, ohùn ara mi ni mo ń gbọ́. N kò gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Ó wà nínú Hádíìsì Bukhārī àti Muslim pé nígbà tí àwọn sàábé gbóhùn sókè púpọ̀ lójú ọ̀nà ìrìn-àjò, Ànábì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n rọra, nítorí pé Ẹni tí wọ́n ń ké pè kì í ṣe adití, kò sì jìnnà sí wọn.

ÒRU KẸẸ̀Ẹ́DỌ́GBỌ̀N

Ní Rọ̀mọ̀dáànù ọdún kan, àwa bí ọgbọ̀n ni a jọ wọ Itikafi ní mọ́sáláṣí kan ní Ìbàdàn. Ní òru kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Ìmámù ní kí a pa iná, kí ẹnikẹ́ni má gbóhùn sókè, kí olúkúlùkù bá Olúwa rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ mímí àwọn ènìyàn. Ẹnì kan ń sunkún ní kọ̀rọ̀. Ojú tì mí láti sùn, n kò sì lè dìde. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àbúrò mi ti dé.

Nígbà tí bàbá wa kú, ìyá wa ti ṣáájú rẹ̀ lọ, àwa ọkùnrin méjì péré ni ó sì fi sílẹ̀. Èmi àkọ́bí ni mo ta ilẹ̀ tí a jogún. Òfin Ọlọ́hun hàn gbangba: ọgbọọgba ni ìpín wa. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta ni mo fún un, mo ní èmi ni mo náwó sí àìsàn bàbá. Kò bá mi jà. Ó kàn yé wá sí ilé mi ni. Ọdún mẹ́fà nìyẹn.

Ní òru yẹn, bí ojú rẹ̀ ti yọ sí mi, mo ṣe bí bàbá ti kọ́ mi, mo dá ọkàn mi padà sórí síkìrì. Ó tún dé. Mo sá di Ọlọ́hun kúrò lọ́dọ̀ Ṣàìtáánì. Ó tún dé. Ní ìdájí, mo sọ ọ́ fún Ìmámù. Ó bi mí pé: "Ṣé irọ́ ni èrò náà ń pa fún ọ, àbí òtítọ́ ni ó ń sọ?" Mo ní òtítọ́ ni. Ó ní: "A kì í fi síkìrì lé olówó ẹni. Olówó rẹ ni ó ń kan ilẹ̀kùn yẹn."

Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi ìdí tí ìwé ìṣírò-ara-ẹni fi ṣáájú ìwé àṣàrò nínú iṣẹ́ al-Ghazālī.

Lẹ́yìn ọdún, mo lọ bá àbúrò mi ní Abẹ́òkúta. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé owó síbẹ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pín in san, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan. Ní ìgbà kẹta, ó ní kí ọmọ rẹ̀ bu oúnjẹ fún mi. Kò tíì rí bí ìgbà tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan, ṣùgbọ́n ní Iléyá tó kọjá, ó wá sí ilé mi.

ÌMỌ̀RÀN

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, èkínní, ẹ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ẹ pa fóònù, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: Subhānallāh 33, Alhamdulillāh 33, Allāhu Akbar 34, kí ẹ sì ro ohun tí ẹ ń wí.

Èkejì, ẹ má fi ìdánìkanwà rọ́pò àwùjọ, ẹ má sì fi àwùjọ sá fún ìdánìkanwà. Ọ̀kan yóò fi ọkàn yín hàn yín. Èkejì kò ní jẹ́ kí ẹ purọ́ fún ara yín.

Ẹ̀kẹta, bí èrò kan bá ń padà wá, ẹ bi í léèrè bóyá ẹ̀tọ́ ẹnì kan wà lọ́rùn yín. Bí ó bá wà, ẹ dìde lọ san án.

Ẹ̀kẹrin, bí ìbànújẹ́ bá wúwo jù, tàbí tí ènìyàn ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kí ó lọ rí oníṣègùn. Àdúà kò ní kí a má lo oògùn.

Kí Ọlọ́hun fi ìrántí Rẹ̀ tu ọkàn wa lára, kí Ó fún wa ní agbára láti dá ẹ̀tọ́ padà fún ẹlẹ́tọ̀ọ́ kí ọjọ́ tó pẹ́ jù, kí Ó sì má ṣe jẹ́ kí ìjókòó wa jẹ́ ìjókòó lásán. Āmīn.