Gáàsì Tí A Sọ Di Omi àti Iṣẹ́ Àwọn Ọmọ Wa ní Ìkẹjà òun Agége
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa ní Agége)



Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń jẹun láti inú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Ìkẹjà, Ọ̀gbà, Agídìngbí àti Agége. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ iná tí ń yí ẹ̀rọ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá nìkan; ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ wa ni.

Gáàsì kò ṣe é rù bí epo. Ibi tí páìpù kò bá dé, òun náà kò ní í dé ibẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ dá sí i ni pé kí wọ́n mú un tutù dé dígírì 162 lábẹ́ òdo, títí yóò fi di omi. Nígbà náà, ohun tí ó kún àgbá 600 yóò gba inú àgbá kan ṣoṣo. Ní 1959 ni ọkọ̀ Methane Pioneer kọ́kọ́ gbé irú ẹrù yìí la òkun já, láti Louisiana ní Amẹ́ríkà dé Canvey Island ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1964, Àlgéríà bẹ̀rẹ̀ sí tà á. Àwa ńkọ́? Ní 1989 ni a fi orúkọ ilé-iṣẹ́ Nigeria LNG sílẹ̀. 1999 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kúrò ní Bonny. Ọdún mẹ́wàá gbáko! Ní gbogbo ìgbà náà, a ń dáná sun gáàsì lásán nínú oko epo.

Ẹ jọ̀wọ́, èyí kọ́ ni gáàsì inú sìlíńdà tí àwọn ìyá wa fi ń dáná. Ìyẹn yàtọ̀, ṣùgbọ́n Bonny ń ṣe é pẹ̀lú, ó sì pinnu ní 2022 pé Nàìjíríà ni òun yóò máa ta gbogbo rẹ̀ sí.

Ní Ìkẹjà, bí iná mànàmáná ti ń ṣe ségesège, epo dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń yí jẹnẹrétọ̀, owó rẹ̀ sì ń jẹ èrè run. Dunlop tí ń ṣe táyà níbẹ̀ dáwọ́ dúró ní 2008. Páìpù gáàsì ti mú ìtura bá àwọn tí ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ní ti àwọn tí kò kàn, ọkọ̀ akẹ́rù lè gbé e wá: ní Rumuji, ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ilé-iṣẹ́ Greenville ń sọ gáàsì di omi, ó sì ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó o lọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà.

Irú iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ọwọ́ tí ó mọṣẹ́. Mo bẹ Ẹgbẹ́ pé kí owó ẹ̀kọ́ tí a ń yọ lọ́dọọdún má ṣe jẹ́ ti àwọn tí ń lọ sí Yunifásítì nìkan. Kí a yọ ti ọmọ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, tí yóò kọ́ jíjó irin páìpù àti títún ẹ̀rọ gáàsì ṣe. Bí ìpàdé bá fọwọ́ sí i, kí Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí gba orúkọ láti ọ̀la.