Nimble: Ọ̀rọ̀ kan tí "Yára" Nìkan Kò Lè Túmọ̀

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni mo gbé wá sí àárín ìjókòó yìí, nimble ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà mẹ́fà péré ni a fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì wa, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀, "yára" ni olùkọ́ ń dá a lóhùn, ìdáhùn náà a wọ inú ìwé, a sì wọ ọmọ náà lórí, títí yóò fi dàgbà tí yóò máa kọ ọ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù tí ń já ṣòòròṣò bọ̀ ní òpópónà jẹ́ nimble. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ohun tí mo wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lónìí ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti eré sísá, ti ọwọ́ tí ó mọ nǹkan mú ni.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé tí a bí i sí. Kí àwọn ará Normandy tó wá láti ìhà ilẹ̀ Faransé gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan mú nǹkan, tàbí pé ó gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ni niman. Àwọn ará Jámánì, tí èdè wọn bá tiwọn tan, ṣì ń pè é ní nehmen títí di òní olónìí, nemen sì ni àwọn ará Họ́láǹdì ń wí. Láti ara niman yìí ni wọ́n ti ṣẹ̀dá næmel, tí í ṣe baba ńlá nimble, ẹni tí wọ́n sì ń fi pè ni ẹni tí kì í pẹ́ kí ó tó mú ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, ìbáà ṣe ọwọ́ ni ó fi mú un, ìbáà ṣe ọpọlọ ni ó fi gbà á. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà rárá ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí eré.

Láti ọ̀rúndún kẹsàn-án ni àwọn ará Denmark àti àwọn ìbátan wọn láti àríwá ti ń fi ọkọ̀ ojú omi ya wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń jagun, tí wọ́n ń tẹ̀dó, tí wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ onílẹ̀; nínú ẹrù tí wọ́n gbé dé ni ọ̀rọ̀-ìṣe taka wà, òun ni ó di take tí gbogbo wa mọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àlejò gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́, niman sì wọ ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n kò kú láìlọ́mọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ya ìpáǹle, ìyẹn ni nim, tí ó di ọ̀rọ̀ fún olè jíjà. Ibẹ̀ ni Shakespeare ti mú orúkọ Nym fún ọmọ-ogun kan nínú eré Henry the Fifth, ẹni tí a so kọ́ kí eré náà tó parí.

Ọmọ mìíràn tí niman bí ni ó wù mí jù lọ láti bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Numb ni, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tí ó ti kú tipiri, tí a lè gún ní abẹ́rẹ́ tí ẹni tí ó ni ín kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò ju "ohun tí a ti mú" lọ: òtútù ni ó mú un, tàbí àrùn, tàbí ìpayà. Ta ni èyí ṣàjèjì sí nínú wa? Yorùbá tí ó jí ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kì í sọ pé òun tutù, pé òtútù ń mú òun ni ó ń wí. Ibà a máa mú ènìyàn, ojora a máa mú ènìyàn, ìtìjú pàápàá a máa mú ènìyàn. Bí èdè wa ti rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ara náà ni èdè tiwọn ti rí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa kò sì bá ara wọn pàdé rí. Ẹni tí ń mú nǹkan ni nimble, ẹni tí nǹkan mú ni numb. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ni èdè náà gan-an kò rántí mọ́ pé ẹbí ni wọ́n.

Ní ti b tí ó wà láàárín nimble, àtọ̀húnrìnwá ni. Nígbà tí ètè bá pàdé fún m, tí ahọ́n sì ń kánjú lọ sí ibi tí yóò ti pe l, bí afẹ́fẹ́ imú bá dí kí ètè tó ṣí, b ni etí yóò gbọ́. Bákan náà ni ó wọ inú thimble, irin kékeré tí aránṣọ ń fi bo orí ìka kí abẹ́rẹ́ má baà gún un.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń lò ó? Wọ́n ń lò ó fún ìka ẹni tí ń hun nǹkan, fún ìka ẹni tí ń tẹ dùùrù, àti fún ti aláfọwọ́rá tí ó yọ owó lápò ènìyàn tí onítọ̀hún kò mọ̀. Wọ́n ń lò ó fún ewúrẹ́ tí ń fò láti orí àpáta kan sí òmíràn tí pátákò rẹ̀ kò yẹ̀. Wọ́n sì ń lò ó fún ọpọlọ: nínú sọ́nẹ́ẹ̀tì kẹrìnlélógójì rẹ̀ ni Shakespeare ti fi pe èrò ọkàn tí ń fo òkun àti ilẹ̀ kọjá, ó sì fi pe mànàmáná nínú King Lear. Ẹ wá wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọ́: fast ní tirẹ̀, ohun tí ó dúró gbọn-in-gbọn-in ni ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ kí ó tó di ọ̀rọ̀ eré. Quick, ohun tí ó wà láàyè. Agile ni ó súnmọ́ nimble jù, ṣùgbọ́n láti inú agere ti èdè Látìn ni ó ti wá, tí í ṣe ṣíṣe nǹkan àti dída nǹkan síwájú, ó sì ní ìwúwo ọ̀rọ̀ inú ìwé lára. Òun ni àwọn mẹ́tàdínlógún tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà yàn láti fi pe ọ̀nà ìṣiṣẹ́ wọn nígbà tí wọ́n péjọ ní Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2001. Àwọn oníṣòwò a sì máa pe iléeṣẹ́ kékeré tí ó tètè gbá àǹfààní mú ní nimble; èmi kò bá wọn wí, nítorí mímú náà ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì a máa kọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré nínú orin Jack tí ó fo ọ̀pá àbẹ́là. Eré gidi ni fífo àbẹ́là jẹ́ lọ́dọ̀ wọn láyé àtijọ́. Àwọn obìnrin tí ń hun léèsì ní Buckinghamshire a máa fò ó ní ọjọ́ Kátárínà Mímọ́, ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá. A óò gbé àbẹ́là tí ó ń jó sílẹ̀, ènìyàn yóò fò ó, bí iná náà kò bá kú, a jẹ́ pé ọdún tí ń bọ̀ yóò san onítọ̀hún. Kò sí ẹni tí ó wọn bí ó ti fò ga tó, kò sì sí ẹni tí ó ka bí ó ti yára tó. Iná ni gbogbo ojú ń wò. Ẹni tí ó fò fìrì tí ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ sì pa iná ti yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ nimble.

Bí èyí bá jìnnà sí ẹnikẹ́ni, kí ó ṣí Bíbélì sí ìwé Samuẹli Kejì, orí kejì, níbi tí a ti sọ ìtàn Asaheli arákùnrin Joabu, ọ̀dọ́mọkùnrin tí a fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wé ti ẹranko sísá inú pápá. Ó lé Abneri, balógun àwọn ọ̀tá wọn, kò yà sí ọ̀tún, kò yà sí òsì. Abneri kìlọ̀ fún un, ó tún un kìlọ̀, kò gbọ́. Nígbà tí ó yá, Abneri fi ìdí ọ̀kọ̀ gún un ní ikùn, ọ̀kọ̀ náà sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá ka ibẹ̀, àánú ọmọ náà a máa ṣe mí, nítorí eré kò wọ́n ọn, yíyà ni ó wọ́n ọn. Bí ó bá mọ ẹsẹ̀ yí padà ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, ì bá darúgbó.

Èdè wa kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ tí a lè fi pe ohun tí Asaheli kò ní. A ní já fáfá, a ní ṣámúṣámú. A ń wí pé ọwọ́ aránṣọ yá, pé ara oníjó fúyẹ́, pé ọmọ gbọ́n féfé. Àwọn ọdẹ wa tí ń sun ìjálá mọ èyí ju àwa ọ̀mọ̀wé lọ: wọn kì í fi oríkì ẹfọ̀n ki ọ̀bọ, wọn kì í sì í fi ti ọ̀bọ ki erin, olúkúlùkù ẹranko ni wọ́n ń kì bí ó ti ń gbé ara nínú igbó.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ fi "yára" sílẹ̀ fún fast. Nígbà tí ọmọ bá tún bèèrè nimble lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún un pé ẹni tí ó já fáfá ni, tí ọwọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí ọpọlọ rẹ̀ yá láti mú ohun tí ó fẹ́ mú láìṣì í mú.