Gééjì Ooru Ọ́ìlì Lára Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ Mẹkáníìkì

Gééjì ooru ọ́ìlì ni ojú kékeré tó ń sọ bí ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ó yàtọ̀ sí gééjì omi tí gbogbo awakọ̀ mọ̀. Omi máa ń tètè gbóná, ó sì máa ń tètè tutù. Ọ́ìlì kì í kánjú. Gééjì omi lè ti dúró síbi tó yẹ kó dúró sí, kí ọ́ìlì ṣì máa gbóná bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ́ìlì yìí kan náà ló ń dé ibi tí omi kì í dé: ara kráńkì, ojú bẹ́árìn, abẹ́ písítìnì. Ìnira tó bá bá àwọn ibi wọ̀nyí, ọ́ìlì ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n.

Kò sí ọ̀sà ní Afijio, ìjọba ìbílẹ̀ tí Fìdítì àti Ìlọrá wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọwọ́ mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ ní Fìdítì tàbí Ìlọrá dá ṣáṣá lára ọkọ̀ tó ń kó ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, lára ẹ́ńjìnnì tó ń rin gàrí, àti lára katakata irú èyí tó ń kọ ebè ní ibùdó àgbẹ̀ Ìlọrá. Ṣùgbọ́n ibi tí owó iṣẹ́ bá wà ni oníṣẹ́ ń lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jáde lónìí yóò sì bá ara wọn ní Èkó, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń dúró de ẹni tí yóò tún un ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọkọ̀ tó bá gbóná lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ lè yà sẹ́bàá títì ní Fìdítì, kí awakọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó bó ọsàn jẹ títí ara ẹ́ńjìnnì yóò fi tutù. Láàárín ọ̀sà, kò sí ẹ̀bá títì. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú di ti omi àti ti atẹ́gùn, tòun ti gbogbo ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ojú omi ni gééjì yìí wà fún. Nínú ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, tó ń lo epo bẹntiróòlù tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́, ọ́ìlì ń jóná pẹ̀lú epo ni. Kò sí ibi tó ti ń dúró tí ènìyàn lè wọn ooru rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ikùn ọkọ̀, tó ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, pàápàá oní-dísẹ́ẹ̀lì, ni ọ̀rọ̀ kàn. Omi ọ̀sà gan-an ni irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń fà láti fi tu ara rẹ̀ àti ọ́ìlì rẹ̀ lára. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wọlé. Náílọ̀n píọ̀ wọ́tà pọ̀ lójú ọ̀sà Èkó. Ewéko orí omi tó gba ọ̀nà Bàdágírì wọlé ní nǹkan bí ọdún 1984 kò tíì kúrò níbẹ̀. Iyanrìn àti iyọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìdọ̀tí bá dí àwọn ihò tín-ín-rín inú kúlà ọ́ìlì nìkan, gééjì omi lè má sọ nǹkan kan. Gééjì ọ́ìlì ni yóò máa gùnkè.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, láàárín 80°C sí 110°C ni ara ọ́ìlì ti ń dá. Bí kì í bá ju 80 lọ rárá, omi àti epo tó yọ́ wọnú rẹ̀ kò ní ráyè gbẹ kúrò. Bí ó bá kọjá 120, ó ń ṣàn jù, agbára rẹ̀ láti ya irin sí irin sì ń dínkù. Ní 130, kí wọ́n dín eré ọkọ̀ kù lójú ẹsẹ̀. Ìwé ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí iye wọ̀nyí.

Rírà ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọnú ọ́ìlì àti gééjì tó wà níwájú awakọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnìkejì ara wọn. Bí ooru ti ń pọ̀ ni ìdènà iná inú sẹ́ńsọ̀ ń dínkù, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò kò bá ti Yúróòpù mu. Ẹni tó bá ra sẹ́ńsọ̀ tòkùnbọ̀ ní ọjà Àràròmí, Ìbàdàn, kí ó ra gééjì rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń purọ́ léwu ju àìsí gééjì lọ, nítorí awakọ̀ yóò gbà á gbọ́.

Ibi mẹ́ta ni sẹ́ńsọ̀ lè wọ̀: ojú nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tú láti da ọ́ìlì nù, ìdí fílítà ọ́ìlì, tàbí plọ́ọ̀gì tó wà lójú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà lára búlọ́ọ̀kù. Nínú ọkọ̀ ojú omi, abẹ́ ẹ́ńjìnnì lè wà nínú omi ìdọ̀tí, ọwọ́ kì í sì í dé ibẹ̀. Ìdí fílítà ló dára jù. Ojú ọ̀nà skúrù gbọ́dọ̀ bára mu. Ti Amẹ́ríkà máa ń tín lórí, ti mílímítà kì í tín, bí wọ́n bá sì fi ipá yí ọ̀kan wọnú èkejì, búlọ́ọ̀kù lè fọ́. Kí wọ́n má wé tẹ́ẹ̀pù jù: ara sẹ́ńsọ̀ oníwáyà kan ló ń gba áàtì, tẹ́ẹ̀pù tó pọ̀ sì lè gé e.

Kí ọwọ́ tó kan wáyà, kí wọ́n ṣí ìdérí yàrá ẹ́ńjìnnì. Òórùn bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ ló ń jókòó sí, ẹ̀ta iná kékeré sì tó láti mú un gbiná. Kí fáànù tó ń fa òórùn jáde ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 4 ó kéré tán, lẹ́yìn náà kí wọ́n tú nẹ́gétíìfù bátìrì. Ihò 52 mílímítà ló gba ọ̀pọ̀ gééjì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Wáyà kan láti ojú kọ́kọ́rọ́, tòun ti fíúùsì kékeré, yóò wọ ibi iná. Òmíràn yóò ti ara sẹ́ńsọ̀ wá. Ẹ̀kẹta ni áàtì. Rẹwáyà orí ilẹ̀ lè lọ́ wáyà mọ́ra kó sì fi tẹ́ẹ̀pù dúdú wé e. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀ lójú omi: iyọ̀ yóò jẹ ẹ́. Wáyà bàbà tí wọ́n fi tánńganran bò, orí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, àti rọ́bà tó ń fà mọ́ra bí iná bá kàn án ni ó yẹ. Kí wáyà jìnnà sí sàlẹ́ńsà.

Ìdánwò rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Kí sẹ́ńsọ̀ tó wọnú ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n so áàtì mọ́ ọn lára, kí wọ́n ri ìdí rẹ̀ sínú omi tó ń hó. Ní Ìlọrá, tó ga ju etí òkun lọ, ó yẹ kí abẹ́rẹ́ dúró díẹ̀ sísàlẹ̀ 100. Bí wọ́n bá tú wáyà rẹ̀, abẹ́rẹ́ á padà sí ibi tútù. Bí wọ́n bá fi kan áàtì, á sáré lọ sópin. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é, kí wọ́n wo ìdí rẹ̀ bóyá ọ́ìlì ń jò, kí wọ́n sì gbé ọkọ̀ jáde. Iye tí abẹ́rẹ́ bá dúró sí lẹ́yìn ìdajì wákàtí lójú eré tí ọkọ̀ máa ń sá, kí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gééjì, pẹ̀lú ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà, kí mẹkáníìkì tó bá tẹ̀ lé e lè mọ ohun tí yóò fi wé.