Katakata Elédùú Inú Gáréèjì

Ẹgbẹ́ wa pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, a dúpẹ́.

Akọ̀wé ní kí n ṣàlàyé ohun tó ń dún nínú gáréèjì mi lálaalẹ́, torí ìyàwó mi ti fẹjọ́ sùn yín. Katakata ni mò ń kọ́. Kì í ṣe onídíísù o. Elédùú ni, èyí tí ooru omi híhó ń tì.

Irú rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí fi ń yí ẹ̀rọ ìpakà láyé àtijọ́. Ẹṣin ló kọ́kọ́ ń fa ẹ̀rọ náà láti oko dé oko. Ní 1859, Thomas Aveling, ará Rochester, fi ṣéènì so ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ló bá ń dá rìn. Síbẹ̀, ẹṣin ṣì wà níwájú tó ń darí rẹ̀!

Àwòrán Minnie tí L. C. Mason yà ni mò ń tẹ̀ lé: ínǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ gbọ́ ìṣirò kan. Ohun tó wọn tọ́ọ̀nù mẹ́wàá, bí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ bá di ìdá kan nínú 12, ìwọ̀n rẹ̀ kò ní í pé kílò mẹ́fà. Ọmọdé á gbé e. Ṣùgbọ́n ooru omi kì í kéré torí pé ẹ̀rọ kéré. Bó ṣe ń bó èèyàn lára nínú ti ńlá ló ṣe ń bó o nínú ti kékeré.

Ìdí nìyẹn tí bọ́ílà fi gba àsìkò mi jù. Bàbà ni. Bí ẹ bá ti ń lù ú ló ń le sí i, ẹ óò tún yọ́ ọ níná títí yóò fi pọ́n, kó lè rọ̀ padà. Àpòpọ̀ fàdákà la fi ń jó o pọ̀, iná rẹ̀ sì ń ju ìwọ̀n Sẹ́ńsíọ̀sì 600 lọ.

Tó bá parí, ẹ má dáná sí i. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ rọ kún un, kí ẹ wá fi pọ́ǹpù tì í dé ìlọ́po méjì agbára tí yóò máa fi ṣiṣẹ́. Bí ibì kan bá ya, omi á kàn jò ni. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ìyẹn máa ń fún pọ̀, bó bá já, á bú gbàmù, á fọ́n irin káàkiri.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ kí n dáná sí i fún yín níbi àpèjẹ yìí. Mo kọ̀. Ẹni tó máa ń yẹ bọ́ílà wò kò tíì fọwọ́ sí i, àwọn ọmọ-ọmọ wa ló sì máa yí i ká. Ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí bí písítìn ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí ìwé rẹ̀ bá jáde, ẹgbẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ pè.