Ọ̀rọ̀ lórí Ìlú Enugu àti Bí Àlejò Ṣe Di Olórí Káńsù Níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹ̀ka bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù

Alága ní kí n wá sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ìlú Enugu, nítorí pé mo ta aṣọ ní Ogui New Layout fún ọdún mẹ́jọ kí n tó kó wá sí Òkè Ọya níhìn-ín. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kì í ṣe tíṣà. Bí mo bá ṣì í sọ, kí àwọn tí ó mọ̀ jù mí lọ tún un ṣe.

Ẹ má rò pé ìtàn lásán ni Alága ń fẹ́. Gbogbo wa ni a gbọ́ àríyànjiyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ìpàdé tó kọjá, nígbà tí arákùnrin wa kan dìde pé kí ẹ̀ka wa fa ẹnìkan kalẹ̀ láti du ipò káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù tí a ń gbé. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn mìíràn ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, kí a tajà wa, kí a san owó orí, kí a má dá sí ọ̀rọ̀ ìlú onílùú. Ìwé ìpàdé wà lọ́wọ́ mi, èmi ni mo kọ ọ́. Mo sì jẹ́wọ́ pé ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Enugu, tí ẹ bá bi mí, èrò àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni n bá gbè.

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti ìhín lọ sí Enugu yóò gba Makurdi, yóò gba Otukpo àti Obollo Afor kí ó tó dé Ninth Mile, tí ó wà lórí òkè Udi. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà àtijọ́ ti sọ̀ kalẹ̀ gba Milliken Hill. Ó ń lọ́ bí ejò, òkè ní apá kan, ọ̀gbun ní apá kejì. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ìlú tẹ́ sí. Ẹ wá gbọ́ ohun ìyanu: ìtumọ̀ Enugu ní èdè Ígbò ni “orí òkè”. Ìlú tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkè ń jẹ́ orí òkè! Ìdí rẹ̀ ni pé abẹ́ abúlé Enugwu Ngwo, tí ó wà lókè lóòótọ́, ni wọ́n ti rí èédú, orúkọ abúlé yìí ni wọ́n sì mú sọ̀ kalẹ̀ fún ìlú tuntun. Enugu Ngwo ni wọ́n ń pè é títí di 1928, kí wọ́n tó gé e kù sí Enugu.

Àwọn odò kéékèèké bíi Ekulu, Asata àti Nyaba ń ṣàn gba inú ìlú náà, síbẹ̀ omi mímu ṣòro. Ilẹ̀ abẹ́ ìlú jẹ́ amọ̀ líle tí ó gan bí òkúta, kì í ṣe gbogbo ibi ni ènìyàn lè gbẹ́ kí ó rí omi. Táńkà ni ó ń gbé omi wá láti Ninth Mile. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oṣù mìíràn wà tí mo ná owó sórí omi ju orí oúnjẹ lọ. Ninth Mile yìí kan náà ni wọ́n ti ń ta ọkpa gbígbóná, tí wọ́n ń fi ẹ̀pà tí àwọn Haúsá ń pè ní gurjiya sè bí ẹni se mọ́ínmọ́ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, kí ìyàwó mi má gbọ́.

Ogui New Layout wà láàrin ìlú gan-an. Àwọn ará Ogui Nike ni ó ni ilẹ̀ Ogui láti ìbẹ̀rẹ̀. Pápá ìṣeré Nnamdi Azikiwe, níbi tí Rangers ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kò jìnnà sí wa. Ọjà tí ó tóbi jù ní ìlú ni Ogbete, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná an. Ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé tí ó yí ìlú ká, Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ ọjà, mẹ́rin yípo, gẹ́lẹ́ bí àwa náà ṣe ń ka ọjọ́ ọjà ní ilé.

Kò sí ìlú kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bí kò ṣe àwọn abúlé Ngwo lókè àti ti Nike ní ìsàlẹ̀. Ní 1909, Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Albert Kitson àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wá fàdákà kiri fún ìjọba. Wọn kò rí fàdákà, èédú ni wọ́n bá pàdé. Ní 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wà á. Ní 1916 ojú irin láti Port Harcourt dé ibẹ̀, nǹkan bí máìlì 150. Ní 1917 ìjọba kà á kún ìlú onípò kejì. Ọdún mẹ́jọ péré, igbó di ìlú! Nígbà tí wọ́n parí afárá Makurdi lórí odò Benue ní 1932, ọkọ̀ ojú irin lè ti Port Harcourt wá sí Òkè Ọya láìdúró létí odò. Èédú Enugu wà nínú ohun tí ó ń jó nínú ọkọ̀ ojú irin tí ó gbé púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá síhìn-ín. Bí rélùwéè sì ti bí Enugu náà ni ó bí Sábọ́n Gàrí ní Kano, lẹ́yìn tí ó dé ibẹ̀ ní 1911. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ní 1939, nígbà tí ìjọba pín ìhà gúúsù sí méjì, wọ́n fi Ibadan ṣe olú-ìlú ti ìwọ̀-oòrùn, wọ́n fi Enugu ṣe ti ìlà-oòrùn.

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè fò dá. Ní 18 November 1949, àwọn awa-èédú ní Iva Valley ń bá ọ̀gá wọn fa ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Ọlọ́pàá, tí Òyìnbó jẹ́ olórí wọn, yìnbọn sí wọn, ènìyàn 21 sì kú. Nígbà tí ìròyìn dé Èkó, àwọn olóṣèlú láti ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ para pọ̀ dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, Dókítà Akinola Maja, ọmọ Yorùbá, ni wọ́n sì fi ṣe alága. Àwọn tí ó kú kì í ṣe ará ilé rẹ̀. Kò sọ pé kò kan òun.

Mo wá dé ibi tí mo ń bọ̀. Ní 1956 Enugu gba oyè ìlú tí ó ní Méyọ̀. Ta ni ẹ rò pé ó jẹ Méyọ̀ àkọ́kọ́? Ọmọ Ngwo ni bí? Ọmọ Nike? Ọmọ Onitsha? Rárá o. Umaru Altine ni, Fúlàní, ọmọ Sokoto, oníṣòwò màlúù. Mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi, mo rò pé àpárá ni. Wọ́n tún yàn án ní 1958.

Àwọn Haúsá àti Fúlàní tí ó wà ní Enugu kò pọ̀ tó láti fi ìbò tiwọn nìkan gbé ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀. Àwọn Ígbò ni ó yàn án. Ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC tí wọ́n wà ni òun náà wọ̀, kò dá ẹgbẹ́ àwọn àlejò sílẹ̀ kí ó máa retí. Nígbà yẹn pẹ̀lú, ìjà ń bẹ láàrin àwọn Wawa onílẹ̀ àti àwọn Ígbò tí ó wá láti Onitsha àti Owerri. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni pín ilẹ̀ bàbá rọrùn fún apá méjèèjì láti gbà. Oníṣòwò ni wá, a mọ̀ bí ó ti rí: ẹni tí kì í ṣe ẹbí ni a sábà máa ń fún ní àpótí èsúsú.

Kí n má tàn yín. Ohun tí ojú rí ní 1966 àti 1967, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Wọ́n pa Ígbò ní Òkè Ọya, àwọn ará Òkè Ọya sá kúrò ní ìlà-oòrùn, ogun dé, Enugu sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ní October 1967. Oyè tí Altine jẹ kò dá ìyẹn dúró. Ẹni tí ó bá ń rò pé ipò káńsẹ́lọ̀ kan yóò gbà wá lọ́wọ́ gbogbo ewu, kí ó má rò bẹ́ẹ̀.

Lónìí, Enugu ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Enugu, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991. Kò sí káńsù kan ṣoṣo fún gbogbo ìlú mọ́. Ó pín sí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta: Enugu North, Enugu South àti Enugu East. Enugu North ni Ogui New Layout wà. Iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀ sí ti ìhín: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ẹran, gọ́tà, ìdọ̀tí, itẹ́ òkú, ìwé ìbí àti ìwé ikú. Ẹ wo ohun tí mo kà yìí dáadáa. Èwo ni kò kan oníṣòwò níbẹ̀?

Èmi fi ojú ara mi rí i. Ní àdúgbò wa ní Ogui, wọ́n pe ìpàdé onílé àti ayálégbé lórí gọ́tà, pé káńsẹ́lọ̀ ń bọ̀ wá gbọ́ ibi tí ó yẹ kí wọ́n là. N kò lọ. Mo ní àlejò ni mí, mo sì ń retí ọjà láti Àbá. Àwọn tí ó lọ sọ tiwọn, wọ́n la gọ́tà dé iwájú wọn, ó sì dúró ní ṣọ́ọ̀bù méjì sí tèmi. Òjò kan rọ̀ ní òru, gbogbo omi tí gọ́tà náà gbà wọ ọ̀dọ̀ mi. Ìdì ànkárá mọ́kànlá ni ó bàjẹ́, gbèsè sì wà lọ́rùn mi lórí márùn-ún. Mo lọ ká ẹjọ́ fún Mama onílé mi, obìnrin Ígbò, arúgbó. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Nna, àga tìrẹ ṣófo lọ́jọ́ yẹn. Mo bi wọ́n pé níbo ni Yorùbá wa wà.” Yorùbá wa ni ó pè mí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju aṣọ lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ń ká yín lára. Ọmọ tí a bí síhìn-ín, tí kò mọ Ogbomoso ju orúkọ lọ, wọ́n á ní kí ó lọ gba ìwé ní ìlú bàbá rẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ni ó fi ọ̀rọ̀ jíjẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ so mọ́ òbí àti òbí àgbà, ẹ̀ka wa kò lè tú u. Ṣùgbọ́n òfin ìdìbò ti 2022 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ Nigeria, tí ó ti pé ọdún 18, lè forúkọ sílẹ̀ níbi tí ó ń gbé, tàbí níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí níbi tí ó ti wá. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹ̀kẹta nìkan ni ó ṣí, ìdí nìyẹn tí a fi ń náwó ọkọ̀ lọ sílé lọ dìbò fún ẹni tí kò ní la gọ́tà fún wa láéláé. Ní 11 July 2024 pẹ̀lú, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, àti pé káńsù tí a kò dìbò yàn kò bá òfin mu.

Nítorí náà, Alága, èmi kò sọ pé dandan ni kí a fa Yorùbá kalẹ̀ lọ́dún yìí. Bí a bá fa tiwa kalẹ̀ lójijì, tí a kò tíì jókòó sí ìpàdé àdúgbò kankan, ìbò ẹgbẹ́ wa nìkan ni yóò rí, kò sì tó. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí a yan ènìyàn méjì tí yóò máa lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù lóṣooṣù, kí wọ́n sì máa jábọ̀ fún wa, kí ẹgbẹ́ san owó ọkọ̀ wọn. Kí a tó dìbò lórí rẹ̀, mo fẹ́ mọ iye wa tí ó ní káàdì ìdìbò ti ìhín. Ìwé àti bírò wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ẹgbẹ́. Kí olúkúlùkù kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí káàdì rẹ̀ wà. Ẹni tí kò bá ní káàdì rárá, kí ó kọ ìyẹn náà.